Fọ́nrán Kan Lẹ́ẹ̀kan: Bí Mo Ṣe Fi Ọjọ́ Ayé Mi Hun Aṣọ Ọmọdé

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe jẹun, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ tèmi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ "iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́" sí yín létí títí ó fi sú yín. Èmi ò ní kọ ọ́. Òfì ni mo hun láti ìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n mi títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, aṣọ ọmọdé ni mo sì fi gbajúmọ̀ nídìí rẹ̀. Ní Ṣakí níbí, bí ẹ bá ní ẹ ń wá Bàbá Aláṣọ-Ọmọ, ọlọ́kadà èyíkéyìí á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Kì í ṣe ẹ̀wù tí ọmọ ń wọ̀ ni mo ń wí o. Aṣọ tí ìyá fi ń bo ọmọ bó bá sùn ni, tí ọmọ á wá dì mú, tí kò ní fẹ́ fi sílẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ ti ń rìn, tó ń sáré, tó ti lẹ́nu láti fi bú èèyàn. Èmi ló máa ń hun ún tẹ́lẹ̀. Èmi náà ló sì ń bá ọmọ fi í sílẹ̀ nígbà tó bá tó àkókò. Ibi fífi sílẹ̀ yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí.

Ìlerò ni wọ́n ti bí mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ẹ̀yìn mi ò sì gba ebè kíkọ rárá. Bí mo bá kọ ìlà kan, mo ti jókòó sábẹ́ igi ẹmi nìyẹn. Bàbá mi wò mí títí, ó ní, "Lásísì, iṣẹ́ ìjókòó ni Ọlọ́run dá ọ fún." Bí mo ṣe dé Ìsẹ́yìn nìyẹn, lọ́dọ̀ Bàbá Ràímì tó ń hun òfì. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n san, ẹ jẹ́ ká fò ó, kò sí adùn kankan níbẹ̀.

Bàbá Ràímì! Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo. Ẹ má rò pé èyí dára. Ọ̀gá tó ń pariwo, ẹ lè dí etí. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, inú ikùn lẹ ó ti gbọ́ ọ. Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n jókòó sí ojú òfì. Òwú ni mo ń ká ṣáá. Mo ká òwú títí ìka mi fi lé ròrò. Bí òwú bá lọ́ pọ̀, tí mo wá fi ìbínú já a, kò ní nà mí. Ó kàn máa gbé gbogbo rẹ̀ fún mi padà, á ní, "Tú u. Òwú kì í ṣe ọ̀tá ẹ."

Nígbà tó wá gbà mí láyè, mo hun aṣọ àkọ́kọ́ mi. Lójú tèmi, ó dán, ó gún régé, mo ti ń retí kó yìn mí. Ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Sún mọ́ ibí. Di ojú rẹ." Mo di ojú. Ó fi aṣọ náà nu ìpéǹpéjú mi wẹ́rẹ́. Ó gún mi.

Ó ní, "Ṣé o gbọ́ nǹkan tó wí?"

Mo ní, "Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ló máa fi ojú sùn lé e. Kò ní lè sọ fún ọ pé ó ń gún òun. Ẹkún ló máa sun, ìyá rẹ̀ á ní inú ló ń run ún." Ló bá mú ọ̀bẹ, ó gé e kúrò lójú òfì bí ẹni gé ilá.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló bu oúnjẹ fún mi lẹ́yìn ilé, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lásísì, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Èmi ni ọwọ́ òsì ọ̀gá rẹ. Jẹun." Títí mo fi kúrò ní ilé wọn, bó ṣe rí nìyẹn. Ọkọ ń gé aṣọ mi, aya ń bu oúnjẹ sí i fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé kan fún ẹni tí kò mọ òfì. Aṣọ òfì kì í fẹ̀ jáde lójú òfì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń wá, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì máa ń gùn. Fọ́nrán là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó wá gé wọn, a ó fi abẹ́rẹ́ rán ọ̀kan mọ́ ìkejì títí yóò fi fẹ̀ tó aṣọ ìbora. Ohun tí a bá rán pọ̀, a lè tú u. Orí èyí ni ọ̀gá mi gbé ọgbọ́n rẹ̀ lé, agboolé wọn nìkan ni mo sì ti rí i. N kò rí i níbòmíràn títí di òní.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọdé ṣe ń ṣe. Ọmọ á mú aṣọ kan, á sọ ọ́ di tirẹ̀. Òmíràn ń fa etí rẹ̀ mu bí ọmú. Òmíràn ń fi í ra imú kó tó sùn. Mo mọ èyí tó jẹ́ pé bí aṣọ rẹ̀ bá wà lórí okùn, abẹ́ okùn náà ló máa dúró sí, á máa wò ó títí yóò fi gbẹ. Ìyá á wò, aṣọ ti ń rùn, ọmọ ti ń dàgbà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sí ilé kéú, òun ṣì ń wọ́ ìbora kiri nílẹ̀. Níbòmíràn, wọ́n á gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á jù ú nù. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ Bàbá Ràímì ni wọ́n á ní kí ọmọ gbé e wá.

Mo rántí àkọ́kọ́ tí mo rí. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jímọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn, ó ń wò wá bí ẹni tí a fẹ́ pa ewúrẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi tí kì í rẹ́rìn-ín kúrò nídìí òfì, ó lóṣòó síwájú ọmọ yẹn. Ó ní, "Jímọ̀, ẹ kú ìtọ́jú aṣọ o. Ó mà ti rẹ aṣọ náà. Èwo nínú fọ́nrán rẹ̀ ló fẹ́ lọ sinmi?"

Ọmọ náà rò ó títí. Ó tọ́ka sí èyí tó wà létí. Ọ̀gá mi fi orí abẹ́rẹ́ tú u wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Jímọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó já tán, ọ̀gá mi ká fọ́nrán náà, ó fi ṣe òṣùká kékeré, ó gbé e lé ọmọ náà lórí, ó wá gbé igbá omi kékeré lé e. Ó ní, "Gbé e lọ fún ìyá rẹ. Ọkùnrin tó ń gbé omi ti dé." Ẹ bá wo Jímọ̀! Ọrùn le gan-an, kò jẹ́ kí omi kan ta sílẹ̀. Gbogbo àwọn ahunṣọ dìde, wọ́n ń kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá!"

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bó bá ṣe díẹ̀, á tún gbé e wá, a ó tú òmíràn. Aṣọ á máa kéré, ọmọ á máa tóbi, títí yóò fi ku fọ́nrán kan ṣoṣo tí á máa so mọ́ ọwọ́, lọ́jọ́ kan ó sì gbàgbé rẹ̀ sórí ẹní, kò ní padà wá a. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èèwọ̀ kan ló wà níbẹ̀: ọmọ ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá. Ìyá tó bá jí i gbé wá nígbà tí ọmọ ń sùn, ọ̀gá mi á dá a padà tòun taṣọ. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣe àṣìṣe, ó bá obìnrin kan tú u ní ìkọ̀kọ̀. Bàbá Ràímì lé e kúrò nídìí òfì, ó ní olè ni. Ìgbà tí gbogbo àgbà àdúgbò wá dọ̀bálẹ̀ ló tó gbà á padà.

Mo gba òmìnira, mo gbéyàwó, mo wá sí Ṣakí nítorí pé òfì ti pọ̀ jù ní Ìsẹ́yìn. Mo kọ́ àtíbàbà mi, mo fi koríko bò ó, iṣẹ́ sì ń wọlé. Inú mi dùn nígbà náà. Mo rò pé bí yóò ṣe máa rí nìyẹn títí láé.

Ìgbà ọyẹ́ kan ni iná jó mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òkè-Ògùn, ẹ mọ bí koríko ṣe ń gbẹ. Ẹnì kan ń dáná sun oko lẹ́yìn ìlú, atẹ́gùn gbé e, kí á tó sọ pé kí ló dé, àtíbàbà mi ti di eérú. Òfì mi jóná, òwú mi jóná, omù tí ń ya òwú sókè sódò lójú òfì, èyí tí ọ̀gá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ òmìnira jóná. Àwọn èèyàn wá kí mi, wọ́n ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Mo fẹ́ gbá wọn létí! Ta ni ọba níbẹ̀? Èmi tí mo ń hun òfì?

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni àwọn aṣọ ọmọdé tí wọ́n kó wá fún àtúnṣe, tí wọ́n bá iná lọ. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, Bọ́lá. Kò jẹun, kò sùn. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí, mo lọ yá òfì, mo fi òwú kan náà, àwọ̀ kan náà, ìlà kan náà hun òmíràn. Ẹni tó bá rí méjèèjì kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mo gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Bọ́lá gbà á, ó gbé e sí imú, ó fà á símú dáadáa, ó dá a padà fún mi.

Ó ní, "Kì í ṣe tèmi. Tèmi ń rùn."

Ẹ̀rín pa ìyá rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ó pẹ́ kí ọmọ yẹn tó padà sùn dáadáa. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mo lè hun aṣọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń sọ ọ́ di aṣọ ọmọ. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn iná, mo tún bẹ̀rẹ̀, ayé sì ń yí lábẹ́ mi. Àwọn ìyá àgbà tó ń ran òwú kú tán. Òwú ilé iṣẹ́ ńlá dé, mo gbà á, ó mú iṣẹ́ yá. Lẹ́yìn náà ni òwú dídán dé, èyí tí ń tàn yanranyanran lóde ìyàwó. Gbogbo ahunṣọ sáré tọ̀ ọ́ lọ. Mo dán an wò lára aṣọ ọmọ lẹ́ẹ̀kan, mo fi nu ìpéǹpéjú ara mi, mo mú ọ̀bẹ, mo gé e. Ṣé ẹ rí i bí ọ̀gá ṣe ń gbé inú èèyàn?

Ìgbà tó yá, búláńkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà Ìjìó wọlé láti òdìkejì ibodè, èyí tí wọ́n ya àwòrán ẹkùn sí. Irọ́ ò yẹ àgbà: ó rọ̀ ju tèmi lọ, ó sì pọ́ọ́kú. Àwọn ìyá yà síbẹ̀. N kò bá wọn bínú. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan gbàǹgbà ni búláńkẹ́ẹ̀tì, kò ní fọ́nrán, ibo ni èèyàn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u? Bó bá tó àkókò, ìyá á kàn jù ú sínú iná, á ní eku ló gbé e. Mo gbọ́ ti ọmọ kan tó ń fi ìgbálẹ̀ na gbogbo ihò eku nínú ilé. Àwọn ọmọ tèmi náà wo iṣẹ́ mi, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," wọ́n sì kọ́ nǹkan mìíràn. Ó dùn mí o. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ìgbà tí iṣẹ́ ti ń parí lọ ni ọ̀rọ̀ Rúkáyá dé. Ìyá Mọnsúrà ni ìyá àgbà rẹ̀, ilé wọn kọjú sí tèmi. Mọnsúrà ọmọ rẹ̀, èmi ni mo tú aṣọ rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bí Rúkáyá, ọkọ kú. Ó ní òun fẹ́ lọ máa tajà ní Kútọnu kí òun lè rí nǹkan fi tọ́ ọmọ. Ó fi Rúkáyá sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì wá bá mi pé kí n hun aṣọ kan fún un kí òun tó lọ. Ó fi aṣọ náà pọn ọ́n, ó fi bò ó, ó fi nu ojú rẹ̀, títí di àárọ̀ tó gun ọkọ̀.

Ọmọ yẹn di aṣọ mú! Ó ń pe ìyá rẹ̀ ní Mọ́mì, ó ń pe ìyá àgbà ní Màmá, ó wá ń pe aṣọ náà ní Mọ́mì Kékeré. Bí mo bá ń kí i láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ kí aṣọ pẹ̀lú. "Rúkáyá, ṣé dáadáa lẹ jí? Mọ́mì Kékeré ńkọ́?" Á gbé etí aṣọ sí etí mi kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nítorí náà, ó yà mí lẹ́nu nígbà tó gbé e wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ bá mi tú ọ̀kan." Kò rò ó rárá kó tó tọ́ka. Kò bo ẹnu, kò bo ojú. Inú mi dùn, mo ká òṣùká fún un, mo yìn ín. Kò pẹ́ rárá, ó tún dé. "Bàbá, ẹ tú òmíràn."

Mo ní, "Ṣé kò yá jù báyìí, Rúkáyá? Ṣé kò wù ọ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ díẹ̀?"

Ó ní, "Ó wù mí. Mo máa ń sunkún tí mo bá délé. Ṣùgbọ́n Màmá ní bó bá ku ẹyọ kan, Mọ́mì á dé. Mọ́mì ńlá sì dára ju Mọ́mì Kékeré lọ."

Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo dá ọgbọ́n kan, mo ní ojú ń dùn mí, mo dìde lọ bá Ìyá Mọnsúrà níbi tó ti ń gé iṣu tó fẹ́ sá.

Mo ní, "Ìyá Mọnsúrà, kí lẹ sọ fún ọmọ yìí?"

Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Gbogbo òru ló fi ń pe ìyá rẹ̀. Ẹnu mi ló yọ. Mọnsúrà sì sọ fún mi lórí fóònù pé òun ń bọ̀ lọ́dún Iléyá."

"Iléyá èwo?"

Ó ń gé iṣu.

Mo ní, "Ẹyin lohùn o. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ lọ bá a tún ọ̀rọ̀ náà sọ."

Ìgbà náà ló wò mí. "Kí n ní kí ni? Kí n ní n kò mọ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀? Bó bá rọrùn lẹ́nu yín, Bàbá, ẹ̀yin ẹ lọ sọ fún un."

N kò lè sọ ọ́. Mo padà sílé, mo ń wá àwáwí kiri. Nígbà tí Rúkáyá dé, mo ní abẹ́rẹ́ mi sọnù. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé abẹ́rẹ́ wá láti ilé. Mo ní òwú ìránṣọ rẹ̀ le jù, kò ṣeé tú lásìkò òjò. Ó ní òun máa dúró títí òjò á fi dá, ó sì jókòó. Kí ni kí n ṣe? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e wá. Èèwọ̀ ọ̀gá mi sọ ohun tí a ó ṣe fún ọmọ tí kò fẹ́ tú aṣọ. Kò sọ ohun tí a ó ṣe fún ọmọ tó ń kánjú tú u. Mo tú u. Bí mo ṣe ń tú u ni mo ń bẹ Ọlọ́run kí ọ̀nà Kútọnu ṣí fún Mọnsúrà.

Ó ku ẹyọ kan. Iléyá dé. Rúkáyá wẹ̀ kí oòrùn tó yọ, ó wọ aṣọ ọdún, ó so fọ́nrán náà mọ́ ọwọ́, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí ọ̀nà tí ọlọ́kadà ń gbà bọ̀ láti ìdíkọ̀. Bí ọ̀kadà bá dún, á dìde. Bó bá kọjá, á jókòó. A ti pa àgbò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ ẹran, ó ní òun máa dúró de Mọ́mì kí àwọn jọ jẹ ẹ́. Ọ̀sán ni fóònù dún. Mọnsúrà ní wọ́n ti ibodè, òun ò lè kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún ọmọ òun.

Rúkáyá wo fóònù náà lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti sùn."

Oòrùn wà láàárín ọ̀run. Ó wọlé lọ jẹ ẹran tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú fọ́nrán tó kù wá fún mi. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi fi ká òṣùká. Mo fẹ́ lọ pọnmi." Mo ká a. Ó gbé e lé orí, ó lọ. Kò dárúkọ Mọ́mì Kékeré mọ́, kò sì dárúkọ èyí ńlá. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín. "Ọmọ yìí mà gbọ́n o! Kò da ẹnikẹ́ni láàmú." Ìyá àgbà rẹ̀ náà ń yọ̀ pé òru ti dákẹ́. Èmi ò lè yọ̀. Láyé mi, mo ti rí ọmọ tó sunkún nítorí aṣọ, mo ti rí èyí tó ṣàìsàn. Bí wọ́n bá sunkún tán, wọ́n á gbàgbé aṣọ, ìyá wọn á ṣì wà níbẹ̀. Èyí kò sunkún. Ojú mi kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Mọnsúrà padà dé. Eyín Rúkáyá ti ká, ó ti hù padà. Mo jókòó lábẹ́ òrùlé mi, ojú mi ò ríran jìnnà mọ́ ṣùgbọ́n mo mọ ohùn rẹ̀ nígbà tó ń bá ọlọ́kadà sọ̀rọ̀. Ẹrù pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sáré, ó ń pe, "Rúkáyá! Rúkáyá mi!" Mo dìde, mo sáré bí àgbà ṣe lè sá, nítorí mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe máa dì mọ́ra wọn.

Rúkáyá ń fọ abọ́ níwájú ilé. Ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn." Ó gba ẹrù, ó gbé àga wá, ó bu omi tútù sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò sí àbùkù kankan nínú gbogbo ohun tó ṣe. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó ké pe ìyá àgbà rẹ̀.

"Màmá, ẹ máa bọ̀ o! Ẹ lálejò."

Mọnsúrà di ife mú, kò lè mu omi náà.

Bí Mọnsúrà ti ń bá ọmọ náà gbé, nǹkan kò yí padà. Rúkáyá ń dá a lóhùn, ó ń ṣe ohun tó bá ní kó ṣe, kì í ṣe àfojúdi. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni lè fẹ́ ní. Lálẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ló ń sùn. Mọnsúrà wá bá mi, ó jókòó nílẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi hun òmíràn fún un. Irú ti tẹ́lẹ̀ gan-an." Mo fẹ́ sọ ti Bọ́lá fún un, mo gbé e mì. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kí ni kí n tún fi kún tirẹ̀? Mo ní kí ahunṣọ kan tó ṣì ní ojú bá mi ta òwú sójú òfì, mo fi ọwọ́ wá ọ̀nà mi, mo hun ún. Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan fọ́nrán nu ìpéǹpéjú mi. Kò sí èyí tó gún mi. N kò hun aṣọ tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

A jọ gbé e lọ fún un nírọ̀lẹ́, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Rúkáyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ó dára púpọ̀." Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ gbà mà, kí ẹ fi bora lálẹ́. Òtútù máa ń mú ní Ṣakí níbí."

Mọnsúrà tí wọ́n bí sí Ṣakí, tó dàgbà ní Ṣakí, ló ń bá sọ̀rọ̀ o. Ó gbé aṣọ náà mọ́ àyà, ó ní, "O ṣé." Ọmọ náà sì padà lọ ti abọ́ rẹ̀ bọ omi. Láti ọjọ́ náà, n kò jókòó sí ojú òfì mọ́.